Bí Ọdẹ́gbàmí Ṣe Mú Eré Alágbálùmọ̀ Bọ̀ Láti Igbó Eré-Àná

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí ìtí igi, ẹ sún papọ̀ kí àwọn tó dúró lè rí àyè. Òjò ọ̀sán ti dá, kò sí ẹni tí yóò tún lọ sóko lónìí, nítorí náà kò sí ẹni tó ní àwáwí. Èmi Akínlàjà, ọdẹ tó ti ń yìnbọn kí púpọ̀ nínú yín tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní ìtàn tèmi lọ́pọ̀lọpọ̀, èyí tí ẹkùn gbọ́ tí ó sá wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ti òní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́gbàmí ni. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó dára níkẹyìn, kí ẹ̀yin tí omijé yín sún mọ́ ojú má bàa bẹ̀rẹ̀ sí sunkún láìtọ́jọ́. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wù mí.

Ọdẹ́gbàmí kì í ṣe ọdẹ kékeré. Kò ga, kò sanra, ojú rẹ̀ kan sì ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n bí ó bá di imú mú tí ó ké bí etu, etu tó wà lódìkejì odò yóò pa oúnjẹ tì, yóò sì máa bọ̀ wá bá a. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ tí abo etu méjì ń kan ara wọn níwo nítorí ẹni tó pè wọ́n. Èmi náà máa ń pe etu, n kì í ṣe ọ̀lẹ, àmọ́ láyé ìgbà náà, bí èmi bá pe mẹ́ta, òun yóò pe mẹ́wàá. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé n kì í purọ́, torí pé opurọ́ ọdẹ kì í yin ẹlòmíràn.

Ìyàwó rẹ̀ ni Ìbíyẹmí, obìnrin tó kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nílùú wa yìí, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tò síta láti wo èsì ìdánwò. Bí àwọn oníbàárà bá ti dín kù lọ́sàn-án, Ìbíyẹmí a jókòó ti kọ̀ǹpútà tó wà ní igun, a ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì, a sì bẹ̀rẹ̀ eré kan. Eré náà kò le. Igi kan wà, èso tó dà bí àgbálùmọ̀ ń já bọ́ láti orí rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ kan sì wà nísàlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń ti apẹ̀rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún kí èso má bàa balẹ̀. Bí mẹ́ta bá balẹ̀, eré tán nìyẹn. Eré Alágbálùmọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin tó ti bímọ márùn-ún a máa bá apẹ̀rẹ̀ wí bí ẹni ń bá ọmọ wí, Ọdẹ́gbàmí a jókòó sẹ́yìn rẹ̀, a máa rẹ́rìn-ín títí ikùn yóò fi máa dùn ún. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ibi tí ìfẹ́ àwọn méjèèjì ti jinlẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa nawọ́ sí.

Nígbà tó yá, fóònù wọ ọwọ́ gbogbo ènìyàn, ṣọ́ọ̀bù di títì, kọ̀ǹpútà igun sì di ohun tí wọ́n fi aṣọ bò nínú yàrá. Ọdún ń gorí ọdún. Àfi lọ́jọ́ kan tí Ìbíyẹmí ń sá ẹ̀gẹ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ó yè. Ẹnu rẹ̀ kò yí, ọpọlọ rẹ̀ pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó nílé fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà pé kó máa fún un. Ìbíyẹmí fi ọwọ́ òsì jù ú sí ewúrẹ́. Nọ́ọ̀sì ní kó máa ṣa ẹ̀wà láti inú abọ́ kan sínú òmíràn, Ìbíyẹmí ní òun kì í ṣe adìẹ. Nọ́ọ̀sì bá pe Ọdẹ́gbàmí sẹ́yìnkùlé.

"Baba, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni irú ọwọ́ yẹn máa ń gbọ́ràn jù," ló wí. "Oṣù kan ààbọ̀ ti lọ níbẹ̀. Ẹ bá mi wá ohun tí àwọn Mama fẹ́ fi ọwọ́ náà ṣe fúnra wọn. Tí wọn ò bá lò ó, ó lè wà mọ́ wọn lára bẹ́ẹ̀."

Ọdẹ́gbàmí wọlé lọ bá ìyàwó rẹ̀, ẹni tó kọjú sí ògiri. Ó bi í pé, "Ìyá Ìdògbé, kí lo fẹ́ ṣe?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Baba Ìdògbé. Tí kì í bá ṣe apẹ̀rẹ̀ àgbálùmọ̀ mi, mi ò fẹ́ nǹkan kan."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, kì í ṣe pé ó rò pé ẹnikẹ́ni yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n etí ọdẹ ni ọkọ rẹ̀ ní. Ó ká aṣọ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Oyèlẹ́yẹ, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Oyèlẹ́yẹ tàn án, ó ṣí ibi tí eré náà máa ń wà. Kò sí igi, kò sí èso. Àpótí aláwọ̀ eérú kan ló wà níbẹ̀, àmì kan bí àpò tó ya sì wà láàárín rẹ̀.

"Baba, eré yìí ò bàjẹ́," ni Oyèlẹ́yẹ wí. "Ẹ̀mí tó ń gbé e dìde ni wọ́n mú kúrò. Àwọn tó ṣe ẹ̀mí náà lókè òkun kéde pé àwọn ò tún un ṣe mọ́, wọ́n ní kí gbogbo kọ̀ǹpútà lé e jáde. Kì í ṣe tiyín nìkan o. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún eré ló bá a lọ."

"Ṣé wọ́n kú ni?"

"Ẹ kúkú lè pè é bẹ́ẹ̀."

"Níbo ni wọ́n wá sin wọ́n sí?"

Oyèlẹ́yẹ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọdẹ ṣàwàdà, ó yẹ kó kọ́kọ́ wo irú ọdẹ tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Inú igbó ni wọ́n máa wà, Baba. Ẹ lọ wá wọn lọ síbẹ̀."

Ọdẹ́gbàmí kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ̀ bá ti rẹ́rìn-ín, ẹ̀ bá sì ti padà sílé lọ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lo ogójì ọdún nínú igbó, tó sì ti rí ohun tó rí níbẹ̀, bí wọ́n bá sọ fún un pé nǹkan wà nínú igbó, ó gbà pé ó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ó délé, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó da gààrí sínú àpò, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ mú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bọ̀. Ìbíyẹmí ní kó má ya wèrè. Ó ti jáde. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ẹ má bi mí bí ó ṣe débẹ̀. Ó rìn kọjá ibi tí a ti ń dẹ ọ̀yà, ó rìn kọjá ibi tí àwọn baba wa ti ń dẹ ẹfọ̀n, ó rìn kọjá ibi tí èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí kì í kọjá àfi tí inú bá ń bí mi, ó sì bá ara rẹ̀ nínú Igbó Eré-Àná. Ó rí àwọn ọkọ̀ eré-ìje tí wọ́n tò sórí ìlà, tí koríko ti hù gba ojú fèrèsé wọn, tí wọ́n ń retí ẹni tí yóò ní kí wọ́n máa lọ. Ó rí alásè kékeré kan tó mú ìpọnbẹ̀ dání, tó ń bi igi ìrókò léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ. Ó rí ẹja tó ń wẹ̀ lórí ìyàngbẹ ilẹ̀, àti ọmọ-ogun kan tó ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti fò, tí kò tíì sọ ọ́ kalẹ̀ láti ọdún tó ti gbé e. Kò sí èyí tó pa á lára nínú wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò, torí pé ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n ṣaláìní. Àánú wọn ṣe é. Ó rántí ọwọ́ kan tó wà nílé.

Lẹ́nu bodè inú igbó náà ni iwin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ṣé-O-Gbà. Ojú rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ eérú, ó ní igun mẹ́rin, kò ní imú, àmì àpò tó ya sì wà níbi tó yẹ kí imú wà. Ó wo Ọdẹ́gbàmí, ó sì bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Ọdẹ́gbàmí, ṣé o gbà kí n ṣí?"

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ tó wà níbí, ẹ sọ fún àwọn tó kù: bí wọ́n bá pe orúkọ ọdẹ nínú igbó, ṣé ó máa ń jẹ́ ìpè àkọ́kọ́? Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ. Iwin a máa pe ni lẹ́ẹ̀kan, ènìyàn ló ń pe ni lẹ́ẹ̀mẹta. Baba rẹ̀ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, baba mi kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àwa méjèèjì dàgbà. Ọdẹ́gbàmí bá dúró gbọn-in, ó pa ẹnu mọ́, ó ń retí ìpè kejì àti ìkẹta. Ìpè kejì kò wá. Bodè padé.

Ṣé-O-Gbà sọ pé, "Ẹni tí kò bá dá mi lóhùn, ọjọ́ méje ni mo fi ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Ọdẹ́gbàmí bẹ̀ ẹ́. Ó ṣàlàyé àṣà ọdẹ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó fi orúkọ baba rẹ̀ kún un. Iwin náà kò ní etí fún àlàyé, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ló gbọ́. Ọjọ́ méje gbáko ni ọ̀rẹ́ mi fi jókòó síwájú bodè tó ń fi omi mu gààrí, tí inú ń bí i sí ara rẹ̀. Ọgbọ́n tó ti gbà á là fún ogójì ọdún ló tún wá tì í mọ́ta. Lójoojúmọ́ ló ń rò ó pé ìka kan lára ìka ìyàwó òun tún ti le díẹ̀ sí i. Ẹ̀rù bà á gidigidi, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Ṣé-O-Gbà la ẹnu. "Ọdẹ́gbàmí, ṣé o..."

"Mo gbà."

"Mi ò tíì bi ọ́ tán."

"Mo gba èyí tó kù náà."

Bodè ṣí. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti fi ìdí ìbọn kan iwin náà lórí kí n tó wọlé, ṣùgbọ́n sùúrù ọ̀rẹ́ mi pọ̀ ju tèmi lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí òun délé padà.

Ó dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ó-Ń-Bọ̀. Gbogbo ará ìlú náà ló dúró yí ká, tí oníkálukú gbé ọwọ́ lé èjìká ẹni tó wà níwájú rẹ̀, tí wọ́n ń yí, tí wọ́n ń yí, tí òógùn ń bọ́ lára wọn. Wọ́n kí i káàbọ̀ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, wọ́n sì ṣí àyè fún un láàárín àwọn àgbà méjì. Ó bi wọ́n pé kí ló ń bọ̀. Wọ́n ní ohun tí àwọn ń retí ni. Ó ní láti ìgbà wo. Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

"Akólòlò ń ṣí ẹnu," ni Ọdẹ́gbàmí wí. "Ẹ̀yin ò ṣí ẹnu. Ẹ kàn ń yí ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun olórí wọn. Ó ní kò sí ẹni tó ń kọjá nílùú àwọn láìgba àlọ́ kan, bí kò bá sì lè gbà á, yóò gbé ọwọ́ lé èjìká títí láé. Ó ní, "Kí ló ń rìn látàárọ̀ tí kò kúrò lójú kan?"

Ọdẹ́gbàmí wo ẹsẹ̀ olórí, ó wo ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ di kòtò lábẹ́ ara wọn. "Kábíyèsí, ẹ̀yin ni."

Gbogbo wọn dúró. Wọn ò tíì dúró rí. Obìnrin kan láàárín wọn jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Háà, ìdí mi." Níbi tí wọ́n ti ń wo obìnrin náà ni Ọdẹ́gbàmí ti gba àárín wọn kọjá. Mo gbọ́ pé àwọn kan tún padà sẹ́nu yíyí lẹ́yìn tó lọ. Ohun tó bá ti mọ́ ènìyàn lára, ó ṣòroó fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìlú náà ló dé pápá kan tí ọgọ́rùn-ún ilẹ̀kùn wà, aláwọ̀ ewé ni gbogbo wọn, wọ́n tóbi, wọ́n ń dán, wọ́n sì ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. "Ibí ni. Gbà á níbí. Ọ̀fẹ́ ni. Tẹ̀ mí, ìwọ ni olórí ire tòní." Ọkùnrin kan sáré jáde láti inú ọ̀kan nínú wọn tí kòkòrò bò látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tó ń fi eyín họ ara rẹ̀. Ọdẹ́gbàmí bì sẹ́yìn, ó lóṣòó, ó sì ronú bí ọdẹ. Òkété tó gbọ́n kì í fi ẹnu ihò rẹ̀ hàn. Ihò tó là gbàgàdà, tó mọ́ lójú, òfìfo ni, ejò ló sì máa ń wà níbẹ̀. Èyí tí òkété ń gbé gan-an, ewé àti erùpẹ̀ ló fi ń dí i. Ó bá kọ ẹ̀yìn sí ariwo, ó ń wo ilẹ̀, títí tó fi rí ilẹ̀kùn kékeré kan lábẹ́ ewé gbígbẹ, tí kò pariwo, tí wọn kò kun ní ọ̀dà kankan. Ó rákòrò wọ ibẹ̀. Ìwọ tí ò ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ìwọ ni kòkòrò ì bá jẹ.

Inú ilé gígùn kan ló yọ sí. Apẹ̀rẹ̀ ló kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà, wọ́n fi ewé bò wọ́n, wọ́n sì kọ orúkọ sí wọn lára. Ìyá arúgbó kan ló ń gbá ilẹ̀ láàárín wọn. Ìyá Akójọ ni. Òun àtàwọn ènìyàn rẹ̀ ló kó àwọn eré náà jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ọjọ́ ikú tó dé, wọ́n ń sáré láti ilé dé ilé bí ẹni ń kó aṣọ lórí okùn nígbà tí òjò ṣú. Ọdẹ́gbàmí dọ̀bálẹ̀, ó sọ ohun tó bá wá. Ìyá gbé apẹ̀rẹ̀ kan wá fún un láìṣiyèméjì.

"Tìrẹ rèé," ló wí. "Máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ọ́, òkú lò ń gbé lọ sílé yìí."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ẹ̀mí rẹ̀ wà? Mo lè lọ mú un bọ̀. Ibi yòówù kó jẹ́."

"Má wá a, ọmọ mi. Ẹ̀mí yẹn ti gbó, ara rẹ̀ kún fún ihò, ihò yẹn ni olè sì ń gbà wọ ilé onílé. Àwọn tó lé e jáde kò ṣìkà. Kò ní padà mọ́, ó sì sàn bẹ́ẹ̀."

Ojú Ọdẹ́gbàmí ṣókùnkùn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, apẹ̀rẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó sì sọ nípa Ìbíyẹmí, nípa bọ́ọ̀lù rọ́bà, nípa ẹ̀wà, àti nípa ọjọ́ méje tó ti ṣòfò níwájú bodè. Ìyá Akójọ fi ìgbálẹ̀ ti ògiri.

"Eré ò mọ ẹ̀mí lójú," ló wí. "Ohùn rẹ̀ ló mọ̀. Bí ẹnì kan bá lè fara wé ohùn yẹn títí eré ò fi ní mọ ìyàtọ̀, ó máa dìde. Láti ìgbà tí mo ti wà níbí, mò ń wá ẹni tó lè fara wé nǹkan."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò rín láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣubú. Bí ọ̀bọ bá ṣorí, ìnàkí náà á ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti kékeré nìyẹn.

Àìfarabalẹ̀ ló kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó di imú mú, ó ké bí etu, èyí tó mọ̀ jù. Gbogbo eré tó ní ẹran nínú ló dìde: àgbọ̀nrín, ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ewé, ẹṣin oníyẹ̀ẹ́, gbogbo wọn sáré tọ̀ ọ́ wá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́. Ìyá Akójọ ló fi ìgbálẹ̀ lé wọn. Ó ní, "Gbọ́ ohun tí ó ń bi ọ́ kí o tó dáhùn."

Nígbà náà ló wá gbé etí lé apẹ̀rẹ̀. Eré náà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Igi mi dà? Kí ni àwọ̀ èso mi? Ìgbà wo ni kó já? Báwo ni kó ṣe dún? Ìbéèrè yìí ló ti ń bi ẹ̀mí náà láti ìgbà pípẹ́, kò sì rí ìdáhùn. Ọdẹ́gbàmí bẹ̀rẹ̀ sí dáhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, igi dìde, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ló wà lókè. Lọ́jọ́ kẹta, èso já, ó sì fò lọ sójú ọ̀run. Lọ́jọ́ karùn-ún, gbogbo rẹ̀ tò, ó wá jẹ́ pé apẹ̀rẹ̀ ló ń já, tí èso wá jókòó sílẹ̀. Ìṣẹ́ àti ìyà tó ń jẹ ọdẹ, bí ọdẹ bá rò ó, tó bá pẹran kò ní fún ẹnì kankan jẹ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, igi wà níbi tí igi ń wà, èso pọ́n, ó já, ó bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì dún "pó". Ó mọ ohùn yẹn. Inú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ló ti ń gbọ́ ọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá Akójọ mú àdó kékeré kan jáde. "Fẹ́ ohùn náà sínú èyí kí o lè gbé e délé. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Ohùn tó bá wọ inú àdó kì í padà sọ́fun. Èyí tí o fi kọ́ ọ náà yóò bá a lọ."

"Ìpè etu mi ni ẹ ń sọ?"

"Òun ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín, bí wọ́n bá ní kí èmi Akínlàjà fi ìpè etu mi sílẹ̀, n óò ronú fún ọ̀sẹ̀ kan, bóyá n óò sì padà sílé lófo. Ìpè yẹn ni orúkọ ọkùnrin náà. Òun ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n láti ibí dé ẹ̀yìn odò. Ọdẹ́gbàmí dìde, ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó di imú mú, ó pe etu lẹ́ẹ̀kan ní ohùn kékeré, kì í ṣe pé ó fẹ́ kí nǹkan kan wá. Ó wọlé padà, ó gba àdó lọ́wọ́ ìyá, ó sì fẹ́ gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀.

Nígbà tó délé, ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù kí oṣù mẹ́ta pé. Oyèlẹ́yẹ wo àdó, ó wo ojú Ọdẹ́gbàmí, kò ṣàwàdà mọ́. Ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kò sì sọ fún mi di òní bó ṣe rí i dà. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà síwájú Ìbíyẹmí, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí máòsì. Igi yọ. Àgbálùmọ̀ pọ́n lórí rẹ̀.

Èso kìn-ín-ní já, ó balẹ̀. Èkejì balẹ̀. Ẹ̀kẹta balẹ̀, eré tán. Ọdẹ́gbàmí na ọwọ́ láti bá a ti apẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta tún balẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo wò títí ojú ń ro mí. Nígbà kẹta, ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n, apẹ̀rẹ̀ sún ní ìwọ̀n ẹyọ àgbàdo kan, èso sì balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà kẹrin, apẹ̀rẹ̀ sún, ó sún sí i, ó dúró lábẹ́ èso, ó sì dún "pó".

Ìbíyẹmí pariwo mọ́ apẹ̀rẹ̀ náà pé, "Níbo lo ti wà láti ọjọ́ yìí, ọ̀lẹ." Ọdẹ́gbàmí gbá ògiri mú, ó sì sunkún bí ọmọdé. Oyèlẹ́yẹ náà nu imú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé lọ́jọ́ kejì, tó na bọ́ọ̀lù rọ́bà jáde, Ìbíyẹmí ní kó dúró ná, òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́ta. Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ tó ń rìn lórí tábìlì, ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Ẹ máa ṣeré yín, Mama." Ojoojúmọ́ ni ó ń ṣe é lẹ́yìn ìgbà náà, ẹkún kò sí nínú ilé náà mọ́.

Etu ò dá Ọdẹ́gbàmí lóhùn mọ́ láti ìgbà náà. Ó pè, pè, ohùn rẹ̀ kàn dà bíi ti bàbá kan tí ọ̀finkìn mú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi tí ẹ ń wò yìí ni mo mọ etu í pè jù ní gbogbo agbègbè wa, orúkọ náà kò sì dùn mọ́ mi tó bó ṣe yẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan a jọ ti oko dé sílé rẹ̀, etu kan wà lọ́rùn mi, òun kò mú nǹkan kan bọ̀. Ó jókòó sí ìdí ògiri, ó sọ ìbọn kalẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọdẹ tó bá ti igbó dé, omi ni ìyàwó rẹ̀ fi máa ń pàdé rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Ìbíyẹmí ti ṣubú, ọ̀rẹ́ mi fúnra rẹ̀ ló ń bu omi mu.

Ìbíyẹmí yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ife omi wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ náà ń gbọ̀n, omi ń dà sí i lára, ó ń dà sílẹ̀. Ọdẹ́gbàmí kò dìde lọ pàdé rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ dìde. Nígbà tí ife yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀, omi tó kù nínú rẹ̀ kò tó ìdajì. Ó gbé e mu tán pátápátá, ó sì mí kanlẹ̀.

"Akínlàjà," ló wí fún mi, "etu rẹ tóbi o."

Kò tilẹ̀ wo etu náà. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń wò, tó nà jáde láti gba ife padà.

Ibi tí mo bá ìtàn yìí dé ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí yìí. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ní ẹni tó ń bu omi dè é nílé, kó dìde, kó máa lọ.